Ta Ni Ń Jẹ́ Crowther?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Mo dúpẹ́ pé ẹ fi ọ̀sán Sátidé yín sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ orúkọ kan ṣoṣo.

Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, a ń sọ ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Mo bi wọ́n pé kí ni ìtumọ̀ Àjàyí. Ọwọ́ mẹ́fà ló nà sókè lẹ́ẹ̀kan náà: ọmọ tó dojú bolẹ̀ wáyé ni. Mo yìn wọ́n. Ni ọmọbìnrin kan tó jókòó sẹ́yìn bá na ọwọ́ tirẹ̀, ó ní, "Àǹtí, Crowther ńkọ́? Kí ni òun náà túmọ̀ sí?"

Mi ò rí ohun kan sọ. Láti kékeré ni mo ti ń pe orúkọ yẹn, mo ti rí i lára ilé ìwé, mo ti rí i lẹ́yìn ìwé, n kò sì fìgbà kan bi ara mi ní ìbéèrè ọmọ yẹn. Àwa tí a máa ń sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, a gba orúkọ yìí sílé láti ọdún yìí wá, a ò wo ilé tó ti wá. Mo ṣèlérí fún ọmọ náà pé màá wá a kàn. Ohun tí mo rí ni mo gbé wá síwájú yín.

Kí n tètè sọ èyí tó ṣe kókó. Crowther ni orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ fi ń pe ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa fi ohun èlò olókùn kan kọrin fún àwọn èèyàn. Orúkọ olórin ni. Bí a bá ní ká wá èyí tó jọ ọ́ jù láàrin àwọn orúkọ tiwa, Àyàn ni.

Kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú kannakánná, ẹyẹ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní crow. Kò sì tan mọ́ crowd tó túmọ̀ sí ọ̀pọ̀ èrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bákan náà ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ yẹn àti orúkọ ohun èlò náà nígbà tó yá. Ti èrò wá láti inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan tó túmọ̀ sí pé kí nǹkan máa ti ara wọn. Ti ohun èlò wá láti Wales, lọ́dọ̀ àwọn tó ti wà ní erékùṣù Britain kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé ibẹ̀. Àwọn yẹn ń pè é ní crwth, "w" inú èdè wọn sì máa ń dún bí "u" tiwa. Nínú èdè kan náà, crwth tún lè jẹ́ iké, tàbí ohunkóhun tó bá yọ síta bí ikùn. Ìrísí ohun èlò náà ló fún un lórúkọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa, nítorí èmi fúnra mi kò lóye orúkọ yìí títí mo fi mọ bí ohun èlò náà ṣe rí. Ó dà bí àpótí gbọọrọ onígun mẹ́rin. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde lára rẹ̀, bí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ṣe ń gbẹ́ igi ọ̀mọ̀ di ìyá ìlù, kí wọ́n tó wá fi pákó fẹ́lẹ́ bò ó lójú. Apá òkè rẹ̀ ní ihò ńlá méjì, inú ibẹ̀ ni ọwọ́ òsì olórin ń gbà débi okùn. Okùn mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀. Mẹ́rin gba orí pákó tí ìka ń tẹ̀. Méjì yòókù yà sí ẹ̀gbẹ́, àtàǹpàkò sì lè ta wọ́n kí ohùn wọn máa dún lábẹ́ orin, bí omele ṣe máa ń dún lábẹ́ ìyá ìlù. Ọrun onírun ẹṣin ni wọ́n fi ń fà á. Ẹni tó bá ti rí onígòjé rí, tó rí bó ṣe ń fi ọrun fa okùn tí ohùn ń jáde bí ẹni ń sunkún, ti mọ ìdajì ohun tí mò ń sọ.

Ohun tó wù mí jù lára rẹ̀ ni afárá kékeré tó gbé okùn dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò gùn dọ́gba. Ẹsẹ̀ kúkúrú dúró lórí pákó iwájú. Ẹsẹ̀ gígùn gba inú ihò wọlé, ó lọ fìdí múlẹ̀ sí ẹ̀yìn àpótí nínú lọ́hùn-ún. Tí ọrun bá ti kan okùn, iwájú àti ẹ̀yìn ló máa ń gbọ̀n pọ̀. Orí afárá náà sì tẹ́ pẹrẹsẹ, kò rí bíi ti fayolíìnì, ìdí nìyẹn tí ọrun fi ń kan okùn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1742 ṣì wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé St Fagans lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cardiff.

Ohun èlò yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọ̀rúndún kẹfà, akéwì kan tó ń fi èdè Látìn kéwì, Venantius Fortunatus, ti dárúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí àwọn ará Britain fi ń kọrin. Ní Wales, òun àti háápù ló níyì jù láàfin àwọn ìjòyè, kì í sì í ṣe ẹni tó bá ṣáà ti gbé e lọ́wọ́ ni wọ́n ń kà sí olórin. Lọ́dún 1523, wọ́n pe àwọn olórin jọ sí ìlú Caerwys, wọ́n yẹ iṣẹ́ wọn wò, wọ́n fún àwọn tó kúnjú òṣùwọ̀n ní oyè. Lọ́dún 1567, Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní pàṣẹ pé kí wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n lè ya olórin tó kọ́ṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára alárìnkiri tó kàn ń fi orin tọrọ jẹ.

Láti Wales ló ti wọ inú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì yí i padà sí crouth àti croude, wọ́n sì fi "er" sí ìdí rẹ̀, bí àwa ṣe ń fi "oní" síwájú gòjé kó lè di onígòjé. Bí crouther ṣe délé ayé nìyẹn.

Iṣẹ́ nìyẹn ṣì jẹ́ nígbà náà, kò tíì di orúkọ ìdílé. Kí àwọn Norman tó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1066, orúkọ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ èèyàn ibẹ̀ ń jẹ́. Nígbà tí gbogbo èèyàn wá ń sọ ọmọ wọn ní John, William àti Robert, akọ̀wé kò mọ John wo ni ó jẹ gbèsè mọ́. Wọ́n wá ń fi nǹkan kún un: John tó ń gbé lórí òkè di Hill, ọmọ John di Johnson, alágbẹ̀dẹ di Smith, ẹni gíga di Long. John tó ń ta crwth níbi ìgbéyàwó, òun ni wọ́n kọ sílẹ̀ ní Crouther. Àwọn tó ń gba owó-orí ọba lọ́dún 1377, 1379 àti 1381 kọ orúkọ èèyàn lọ rẹpẹtẹ, ìwé ti ọdún 1379 fún apá ìwọ̀-oòrùn Yorkshire sì wà títí dòní, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn wà nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí lẹ̀ mọ́ ìdílé. Nígbà tí ìjọba pàṣẹ lọ́dún 1538 pé kí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sínú ìwé, ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń jẹ́ orúkọ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ṣe mọ́.

Apá ìwọ̀-oòrùn Yorkshire yẹn gan-an ni ilé orúkọ náà, láàrin àwọn òkè Pennine àti àfonífojì odò Colne, títí wọ Lancashire. Kì í ṣe orúkọ tó kún ìgboro bíi Smith tàbí Jones. Ẹni tó bá wá sí Marsden, lẹ́bàá Huddersfield, yóò gbọ́ ọ dáadáa, torí ìdílé Crowther ló ni ilé iṣẹ́ aṣọ ńlá Bank Bottom níbẹ̀ nígbà kan rí. Ẹ wò ó: orúkọ olórin, lọ́rùn àwọn ahunṣọ onírun àgùntàn.

Báwo ni ohun èlò Wales ṣe bí ọmọ sí àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀? Àwọn olórin kì í gbé ojú kan. Ọjà, àjọ̀dún àti ààfin ni wọ́n ń tẹ̀lé kiri, ìlú Chester sì wà létí ààlà Wales gan-an. Ìtàn kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Wọ́n ní ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàlá, àwọn jagunjagun Wales ká Ranulf, ìjòyè ńlá Chester, mọ́ inú ilé olódi Rhuddlan. Ó ránṣẹ́ sí Roger de Lacy, balógun rẹ̀, pé kó wá gba òun. Ọjọ́ ọjà Chester ni ọ̀rọ̀ bọ́ sí, èèyàn kún ìlú, pàápàá àwọn olórin àti oníjó. Roger kó gbogbo wọn jọ, tohun èlò tohun èlò, ó dà wọ́n síwájú, ó di Rhuddlan. Nígbà tí àwọn ará Wales rí i tí èrò bo ilẹ̀ bí eéṣú, wọ́n rò pé ogun ńlá ló dé, wọ́n sá lọ. Láti fi ìmọrírì hàn, wọ́n fún Roger ní àṣẹ lórí gbogbo olórin agbègbè náà, àṣẹ yẹn sì bọ́ sọ́wọ́ ìdílé Dutton. Ọdọọdún ni àwọn olórin Cheshire ń pé jọ ní Chester níwájú ìdílé yìí láti gba ìwé àṣẹ iṣẹ́, ó sì ń bẹ bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀rúndún kejìdínlógún. Kódà nígbà tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí ka olórin alárìnkiri sí ọ̀daràn, òfin náà yọ àwọn olórin Dutton sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí Ààrẹ Àyàn ṣe rí níwájú àwọn onílù ìlú rẹ̀ yóò mọ irú ipò tí mò ń sọ.

Ọ̀rọ̀ ohùn díẹ̀ kí a tó kọjá. Ìdílé kan ń jẹ́ Crowther, òmíràn ń jẹ́ Crowder, orúkọ kan náà ni. Àríwá di "th" mú, gúúsù àti àárín gbùngbùn sọ ọ́ di "d". Mo sọ èyí nítorí àwọn tí wọ́n ti bá wí rí pé wọn kò lè pe orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù dáadáa. Èdè wa kò ní ohùn "th", "d" tàbí "t" ni ẹnu wa ń lọ bá. Ìyá àgbà tó bá fi "d" pe Crowther l'Abẹ́òkúta kò ṣe àṣìṣe kankan tí odindi ìdílé kò ti fi ṣe orúkọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Wàyí o, báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ ọmọ Òṣoogùn?

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú, nígbà tí ogun fọ́ ìlú wọn. Ọwọ́ olówó kan sí òmíràn ni wọ́n ń tà á sí títí ó fi dé Èkó, tí wọ́n tì í sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí tó ń jẹ́ Esperança Feliz. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì Myrmidon gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì gbé àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ìwé, tó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, Àlùfáà John Raban rì í bọmi, wọ́n sì pè é ní Samuel Crowther.

Orúkọ yẹn ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Àlùfáà ni, vicar ṣọ́ọ̀ṣì Christ Church ní òpópónà Newgate nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà. Ó jẹ́ àṣà ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn pé kí wọ́n máa fi orúkọ àwọn tó ń ti iṣẹ́ wọn lẹ́yìn sọ àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́ ní Sàró. Ẹsẹ̀ Àjàyí kò tíì kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọ́n gbé orúkọ ọkùnrin yìí lé e lórí. Báyìí náà ni púpọ̀ nínú àwọn orúkọ Sàró tó wọ Èkó àti Abẹ́òkúta ṣe wá. Ẹ wo Coker: abúlé ni, East Coker àti West Coker, ní Somerset. Ọmọ Coker tó jókòó síwájú mi níbí yìí, ìlú kan ń bẹ lókè òkun tó ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ.

Mo mọ̀ pé inú àwọn kan kì í dùn sí orúkọ wọ̀nyí, mi ò sì bá wọn jà. David Brown Vincent gbé tirẹ̀ sọ nù, ó di Mọjọlá Agbebi lọ́dún 1894, a sì yìn ín. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a má ṣe máa ṣe bí ẹni pé orúkọ tiwa nìkan ló ní ìtumọ̀, kí orúkọ tó wá láti òkè òkun kàn dà bí nọ́ńbà lásán. Ẹni tó ń jẹ́ Crowther ń jẹ́ ọmọ olórin. Bí a bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, a ó lè sọ fún ọmọ tó bá béèrè.

Ṣùgbọ́n orúkọ olórin tiwọn àti Àyàn kò rìn lọ́nà kan náà. Ẹni tó ń jẹ́ Àyándélé, Àyánwálé tàbí Àyántúndé, ìdí Àyàn ni wọ́n bí i sí. Wọ́n tún orúkọ náà sọ fún un lójúmọ́ ìkómọ, pẹ̀lú ìdí tó fi jẹ́ tirẹ̀, ìlù sì sábà máa ń wà lórí àjà nínú ilé tí wọ́n ti sọ ọ́. Bí wọ́n bá bí ọmọ mẹ́wàá, ọ̀tọ̀ ni gbólóhùn tí wọn yóò so mọ́ Àyàn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kì í tún ara rẹ̀ sọ. Ìgbà kan ṣoṣo ló sọ òtítọ́, nígbà tí ẹnì kan ń fa ọrun lórí okùn níbi àsè kan ní Yorkshire. Láti ìgbà náà, ó kàn ń ti ọwọ́ bàbá bọ́ sí ti ọmọ, títí tó fi dé ọwọ́ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì ti ibẹ̀ fò dé orí ọmọkùnrin káfíńtà kan ní Sàró tí ẹ̀jẹ̀ kò pa wọ́n pọ̀.

Nǹkan kan tún wà tí n kò retí láti rí. Ní òpin ọ̀rúndún kẹrìnlá, nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn John Wycliffe gbé Bíbélì jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láti inú Látìn, wọ́n dé orí 15 ìwé Lúùkù, ìtàn ọmọ onínàákúnàá. Ọmọ ti padà wálé, wọ́n ti pa màlúù àbọ́pa, ẹ̀gbọ́n ń bọ̀ láti oko. Ẹsẹ 25. Ní ibi tí Látìn ti sọ pé chorus, tí í ṣe agbo oníjó, àwọn wọ̀nyí kọ croude: pé ẹ̀gbọ́n gbọ́ ohùn crwth láti inú ilé bàbá rẹ̀. Ohun èlò tó bí orúkọ Crowther ń dún níbẹ̀, nínú Bíbélì. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn wọn yọ ọ́ kúrò, wọ́n fi ijó sí i.

Ní ohun tó lé ní irínwó ọdún lẹ́yìn ìgbà náà ni Samuel Crowther wá jókòó láti gbé ìwé Lúùkù wọ èdè Yorùbá. Bíbélì wa sọ pé nígbà tí ẹ̀gbọ́n sún mọ́ etí ilé, ó gbọ́ orin on ijó. Ọwọ́ rẹ̀ kọjá lórí ẹsẹ tí ohun èlò tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ti fìgbà kan dún nínú rẹ̀.

Ìtàn ọmọ tó padà sílé ni ìtàn náà. Òun náà mọ̀ ọ́n lára. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n já a gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, Àfàlà ìyá rẹ̀ wá bá a. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé àwọn dì mọ́ra wọn, àwọn ń wo ara wọn, ẹnu kò gba ọ̀rọ̀, omijé ń dà lójú ìyá tó ti rù hangogo. Ìgbà tí ìyá rí ohùn, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lára ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi àwọn orúkọ tí ìyá àgbà rẹ̀ fi ń pè é nígbà kékeré pè é. Kò kọ àwọn orúkọ náà sílẹ̀ fún wa. Òun ni olùkọ́, òun ni àlùfáà, òun ló ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1843 pẹ̀lú orúkọ Samuel Crowther níwájú rẹ̀. Àmọ́ nínú yàrá yẹn, ohun tí gbogbo wa mọ̀ pé ìyá ń sọ fún Àjàyí ni ó ń dún: Àjàyí Ògídí-olú, oníkàǹga àjípọn. Ọmọ náà sì dúró, ó ń gbọ́ ọ.